Ìyá Ìyàwó Mi Kì í Yọ Afẹ́fẹ́ Táyà Gbígbóná

Ẹ jẹ́ kí n yára jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi jẹ́wọ́. Fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ ìyàwó mi, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni ìyá rẹ̀ ń ṣe, ohun tí mo máa ń sọ ni pé oníṣòwò rọ́bà ni wọ́n. Irọ́ kọ́ o. Rọ́bà kúkú ni táyà. Ṣùgbọ́n fọganáísà ni ìyá ìyàwó mi. Ẹ̀bá ọ̀nà ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, wọ́n ń lẹ táyà tó jò, wọ́n ń fún táyà ní afẹ́fẹ́, ìdọ̀tí dúdú sì máa ń wà lábẹ́ èékánná wọn títí di ọjọ́ ìsinmi. Èmi tí mo ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun wa ọkọ̀ ilé-iṣẹ́, ojú ń tì mí. Ìtìjú ìgbà yẹn gan-an ló ń tì mí lójú báyìí.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju páànù mẹ́rin lórí òpó irin mẹ́rin. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wà ní igun kan, ọ̀dà pupa ara rẹ̀ ti bó tán àfi níbi tí ọwọ́ kì í dé. Bàsíà omi wà nílẹ̀, tí wọ́n fi ń wá ojú ibi tí táyà ti ń jò. Lára òpó ọwọ́ ọ̀tún, géèjì mẹ́ta rọ̀ sórí ìṣó, àwọn ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó. Màmá sọ àwọn géèjì náà lórúkọ. Èkíní ń jẹ́ Ẹlẹ́rìí, èkejì ń jẹ́ Àbúrò Ẹlẹ́rìí, ẹ̀kẹta ń jẹ́ Òpùrọ́, nítorí ohunkóhun tó bá wọ̀n, ó máa ń fi márùn-ún lé e. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí wọ́n tó dá oníbàárà kankan lóhùn, wọ́n á fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọn táyà kan náà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọ̀kan nínú wọn ti yí ohùn padà. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé tí wọn kò ju Òpùrọ́ nù.

"Kí n jù ú nù kẹ̀?" wọ́n ní. "Ó ti pẹ́ tó ti ń purọ́ márùn-ún, kò purọ́ mẹ́fà rí. Mélòó nínú àwọn tó ń sọ òótọ́ lo lè fọkàn tán tó bẹ́ẹ̀?"

Àwọn awakọ̀ ń pè wọ́n ní Màmá Ó-Dòwúrọ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fà á. Bí o bá sáré dé láti ọ̀nà jíjìn, tí o ní kí wọ́n bá ọ yọ lára afẹ́fẹ́ táyà rẹ nítorí pé ó ti le jù, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan rọ́bà náà. Bó bá gbóná, wọ́n á ní, "Ó di òwúrọ̀." Bí o bá bẹ̀, ó di òwúrọ̀. Bí o bá pariwo, ó di òwúrọ̀. Táyà tó ń jò, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ fún ọ lójú ẹsẹ̀. Táyà tó rọ̀, wọ́n á fi kún un. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú táyà gbígbóná, láéláé. Bí o bá ní o fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, wọ́n á júwe ọ̀nà fún ọ, wọ́n á tún ní kí o bá àwọn kí onítọ̀hún.

Ìwà wọn kejì ni pé wọn kì í bi ọ́ pé mélòó làwọn ó fẹ́ ẹ dé lórí géèjì. "Kí lo fẹ́ gbé?" ni wọ́n máa ń bèèrè. Ọkùnrin kan gbé píkọ́ọ̀pù ńlá wá lọ́jọ́ kan, kò gbé nǹkankan sẹ́yìn rẹ̀ àfi àga oníke kan. Ó ní kí wọ́n fẹ́ ẹ dé ọgọ́rin, nítorí pé ọgọ́rin ni wọ́n kọ sára táyà.

"Ibi tí agbára táyà parí sí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn," Màmá ní. "Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára bẹ́ǹṣì pé ó lè gba èèyàn mẹ́fà, ṣé wàá lọ wá èèyàn márùn-ún kún ara rẹ kí o tó jókòó ni?"

Wọ́n ní kó ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ awakọ̀, wọ́n sì fi hàn án pé bébà kékeré kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ férémù rẹ̀, níbi tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà kọ ọ́ sí pé báyìí ni kí afẹ́fẹ́ iwájú jẹ́, báyìí ni kí tẹ̀yìn jẹ́. Ọkùnrin náà ti ń wa ọkọ̀ yẹn fún ọdún mẹ́fà, kò rí bébà náà rí. Ìdọ̀tí ló bò ó.

Kí wọ́n tó di fọganáísà, ọdún mọ́kànlá ni Màmá fi jókòó sínú yàrá kótópó kan lẹ́nu géètì ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù kí ó tó jáde sí títì. Ọkọ̀ á gun orí irin pẹrẹsẹ, nọ́ńbà á jáde, Màmá á kọ ọ́ sínú ìwé. Kò pẹ́ tí wọn kò fi nílò irin náà mọ́. Bí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀ lókèèrè, wọ́n á wo bí ìdí táyà ṣe tẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á sì sọ iye tó máa jẹ́. Àwọn awakọ̀ á bá wọn jiyàn títí ọkọ̀ á fi gun irin, gbogbo wọn á wá dákẹ́.

Nígbà tí ibi òkúta náà kógbá sílé, ọkọ wọn ti ṣaláìsí, ìyàwó mi sì wà nílé-ìwé girama. Màmá lọ bá baba arúgbó tó ń ṣe fọganáísà lẹ́nu géètì yẹn, wọ́n ní kó kọ́ àwọn níṣẹ́. Baba náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní obìnrin kò lè tú táyà ọkọ̀ ńlá. Màmá ní kó ṣá ti sọ bí wọ́n ṣe ń tú u, kó fi ti obìnrin yẹn sílẹ̀ fún àwọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, baba náà fúnra rẹ̀ ló ń ké pè wọ́n kí wọ́n wá bá òun tú u.

Èmi ńkọ́? Awakọ̀ ni mí. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń wakọ̀, ẹnu mi sì gùn tó ọdún mẹ́rìnlá yẹn. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Píkọ́ọ̀pù alágbára kan ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbé páìpù irin, ẹ̀rọ amúnáwá àti ẹ̀rọ tó ń fa omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnjiníà, jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń fi pẹ́ńsù sẹ́yìn etí, tí kì í sọ̀rọ̀ méjì níbi tí ọ̀kan bá tó. Òun ló lẹ ìwé kan mọ́ ògiri ọ́fíìsì: awakọ̀ tí táyà mẹ́ta bá bẹ́ mọ́ lọ́wọ́, kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kó máa lọ sílé. Orúkọ àwa awakọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà sì wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan.

Láàárín oṣù márùn-ún, táyà méjì bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Táyà ẹ̀yìn ni méjèèjì, kò sì sí èyí tó pé ọdún kan nínú wọn. Nígbà àkọ́kọ́, èmi nìkan ni mo wà nínú ọkọ̀, páìpù tú dà sójú títì, orí ló yọ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Nígbà kejì, Ẹnjiníà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A gbọ́ ìró gbàmù, ọkọ̀ fì síhìn-ín, ó fì sọ́hùn-ún, inú koríko la bá ara wa. Ẹnjiníà bọ́ sílẹ̀, ó wá pẹ́ńsù rẹ̀ rí, ó fi í sẹ́yìn etí padà. Nígbà tí a padà dé, ó pa ọ̀kan tó wà níwájú orúkọ mi rẹ́, ó kọ méjì. Kò bá mi wí. Ìbá kúkú bá mi wí.

Ó wá ku ẹyọ kan. Ìròyìn awakọ̀ sì ń yára ju ọkọ̀ lọ: bí wọ́n bá lé èèyàn nítorí táyà níbì kan, kò síbi tó máa dé tí wọn kò ní ti gbọ́. Mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ méjì, yàtọ̀ sí ọkọ̀ wíwà n kò mọ iṣẹ́ kankan.

"Lọ bá màmá mi," ìyàwó mi ní.

"Màmá ẹ? Èmi tí mo ti ń wakọ̀ kí n tó mọ̀ ẹ́!"

"Táyà méjì," ló dá mi lóhùn, ó sì ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Mo bínú jáde. Mo rìn dé ìta, mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ro ó síwá sẹ́yìn. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ọ̀túnla ni a ó gbéra lọ sí ìlú kékeré kan tí kànga wọn ti gbẹ, ìrìn wákàtí márùn-ún nínú oòrùn, ẹrù á sì kún ẹ̀yìn ọkọ̀ bámúbámú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, tí wọ́n ti kó ẹrù sí i tán, mo wa ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Màmá.

Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan táyà. "Ó di òwúrọ̀," wọ́n ní.

"Màmá, èmi ni o."

"Mo rí ọ, ọkọ ọmọ mi. Ó di òwúrọ̀. Kí lo fẹ́ gbé?"

Mo ní ó ti wà lẹ́yìn yìí. Wọ́n rìn yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wọ awò ojú wọn tí okùn mú ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ìdí táyà. Wọ́n ní ẹ̀rọ amúnáwá ti sún sẹ́yìn jù, ìdí ọkọ̀ nìkan ló ń jìyà, kí n sún un síwájú. Mo sún un. Wọ́n ní kí n wa ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ yanrìn, kí n sọ pé àwọn ló rán mi, kí n wọ̀n ọ́n lápapọ̀, kí n sì wọn ìdí rẹ̀ lọ́tọ̀. Mo lọ, mo bọ̀. Wọ́n fi àtàǹpàkò nu bébà ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n wo ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n wo ìwé tí mo mú bọ̀.

"Ẹrù rẹ ò pọ̀jù," wọ́n ní. "Ọgọ́ta níwájú, ọgọ́rin lẹ́yìn. Ìyẹn ló bá ẹrù yìí mu. Àwọn méjì tó bẹ́ yẹn, ṣé o máa ń yọ afẹ́fẹ́ wọn lójú ọ̀nà?"

Mo ní rárá.

Wọ́n wò mí. Ojú tí wọ́n fi ń wo ọkọ̀ òkúta nígbà tó ń bọ̀ lókèèrè, mo rò pé òun ni wọ́n fi wò mí. "Ó dáa," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Irọ́ ni mo pa. Mo máa ń yọ ọ́ dáadáa. Gbogbo ọ̀gá tí mo kọ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ wọn ló ń yọ ọ́. Bí a bá sáré dé ìdajì ọ̀nà lọ́sàn-án gangan, a ó dúró, a ó wọn táyà, a ó rí i pé ọgọ́rin òwúrọ̀ ti di àádọ́rùn-ún ó lé, a ó ní kó má lọ bẹ́, a ó yọ ọ́ padà sí ọgọ́rin. Ọgbọ́n là ń pè é. Awakọ̀ tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó ní kò mọ iṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ dáadáa, mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù. Táyà ti tutù bí ilẹ̀. Màmá fi Ẹlẹ́rìí wọ̀n ọ́n, wọ́n fi Àbúrò Ẹlẹ́rìí tún un wọ̀n, wọ́n fẹ́ ẹ dé ibi tí wọ́n wí, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára táyà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá mú wáyà kékeré kan, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

"Máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn."

Mo tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà ogún. Ó gbóná mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì ṣẹ́.

"Ohun tó ń ṣe táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó nìyẹn. Ẹrù á máa tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń yí, á máa gbóná, á ṣẹ́. Lọ́sàn-án, géèjì á fi hàn ọ́ pé ó ti ju ọgọ́rin lọ. Kò sẹ́ni tó fi kún un. Afẹ́fẹ́ tó gbóná ló ń na ara rẹ̀. Àwọn tó kọ ọgọ́rin sẹ́nu ilẹ̀kùn mọ̀ pé á na ara rẹ̀, wọ́n ti rò ó mọ́ ọn. Bí o bá yọ ọ́ nígbà yẹn, inú ohun tí táyà fi ń gbé ẹrù lo ti ń jí. Ọkọ ọmọ mi, kí ọwọ́ rẹ wà nínú àpò."

Mo dúpẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ mí lára, mo sì mọ ẹni tí mo fẹ́ bá rìn.

Èmi àti Ẹnjiníà ti rìn tó wákàtí mẹ́ta. Oòrùn mú. Níbi tí igi ńlá kan wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní kí n dúró. Ó mú géèjì ilé-iṣẹ́ jáde nínú àpótí, ó wọn táyà ẹ̀yìn.

"Méjìléláàádọ́rùn-ún," ó ní. "Yọ lára rẹ̀ kó di ọgọ́rin."

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ó gbóná ni. A kì í yọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ta ni kì í yọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Nígbà tó kọjá, ìwọ náà kọ́ lo yọ ọ́ ni?"

"Èmi ni, sà. Ó sì bẹ́."

"Nítorí pé o pẹ́ kí o tó yọ ọ́ ló ṣe bẹ́. Yọ ọ́."

Mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo gbé e sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ níwájú rẹ̀. "Ọ̀gá, ìwé ara ògiri ní bí ẹ̀kẹta bá bẹ́, kí n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Bí mo bá yọ ọ́, ó máa bẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi sílẹ̀ báyìí tí ẹnikẹ́ni ò tíì farapa."

Ó wò mí bí ẹni tí ewúrẹ́ bá sọ̀rọ̀. "Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

"Ìyá ìyàwó mi."

"Ìyá ìyàwó ẹ." Ó tún un sọ díẹ̀díẹ̀. "Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?"

"Fọganáísà ni wọ́n, sà." Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ bó ṣe rí, kò sì dùn mí rárá.

Ó ní kí n pè wọ́n. Mo pè wọ́n, mo ṣí ohùn fóònù síta. Màmá kò bèèrè ohun tó dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n bèèrè bóyá ẹyọ táyà kan ló ga tàbí gbogbo wọn. Mo wọn gbogbo rẹ̀: àwọn ti ẹ̀yìn dọ́gba, àwọn tiwájú náà dọ́gba, wọ́n ti fi mẹ́sàn-án kọjá ọgọ́ta.

"Ìbá ṣe pé ọ̀kan ṣoṣo ló ga, ẹ̀rù ì bá bà mí," wọ́n ní. "Bí gbogbo wọn bá jọ ga, ooru ni. Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Ẹ gbé ọkọ̀ sábẹ́ òjìji. Ẹ má yọ nǹkankan. Ẹ máa fọwọ́ ara yín wọ̀n ọ́n ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Á máa wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò ní dé ọgọ́rin o, torí ọ̀sán tiyín gbóná ju àárọ̀ tèmi lọ. Á fi bíi mẹ́ta lé, á dúró síbẹ̀. Bó bá wálẹ̀ kọjá ọgọ́rin, èmi ni mi ò mọ iṣẹ́. Ẹ lé ọkọ ọmọ mi, èmi náà á ká páànù mi nílẹ̀ lónìí."

Wọ́n pa fóònù. Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n ti wà lábẹ́ páànù yẹn, wọ́n sì gbé e lé orí táyà tí wọn kò rí, nítorí èmi tí mo purọ́ fún wọn ní àná. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

A gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ẹnjiníà jókòó sórí gbòǹgbò kan, èmi sórí òkúta, kọ́kọ́rọ́ wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárín wa. Nígbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé, ó dìde, ó wọ̀n ọ́n, ó fa pẹ́ńsù yọ, ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré rẹ̀. Méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ó padà jókòó. Lẹ́ẹ̀kejì, márùndínláàádọ́rùn-ún. Kò wò mí. Lẹ́ẹ̀kẹta, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé koríko sẹ́nu. Lẹ́ẹ̀kẹrin, mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ó sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, mẹ́tàlélọ́gọ́rin, kò yẹ̀ rárá. Ó dúró pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú táyà náà. Ó wá mú kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí mi.

"Wa ọkọ̀," ó ní.

A dé ibi tí à ń lọ nírọ̀lẹ́, a ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, omi yọ, a padà wálé. Kò sí táyà tó bẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ẹnjiníà ní kí n lọ bá òun gbé ìyá ìyàwó mi wá sí ọgbà ilé-iṣẹ́. Màmá dé pẹ̀lú géèjì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́rùn bí ẹni wọ ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn awakọ̀ yòókù péjọ. Ẹnjiníà ní òun fẹ́ kí wọ́n máa bójú tó táyà gbogbo ọkọ̀ wa. Màmá ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé táyà méjì tó bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ wá. Wọ́n gbé e wá láti ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí. Màmá ki ọwọ́ sínú èkíní, wọ́n fa ọwọ́ yọ, lẹ́búlẹ́bú rọ́bà dúdú kún àtẹ́lẹwọ́ wọn. Èkejì náà bẹ́ẹ̀.

"Ohun kan náà ló pa àwọn méjèèjì," wọ́n ní. "Afẹ́fẹ́ wọn kò tó, wọ́n sì ń gbé ẹrù lọ. Inú ló jẹ ara rẹ̀. Ẹnìkan yọ ọ́. Táyà ò lè sọ fún mi ẹni tó yọ ọ́."

Ẹnjiníà wú ikọ́. "Ti ẹ̀ẹ̀kejì, èmi ni mo ní kó yọ ọ́." Kò rọrùn fún un láti sọ níwájú gbogbo wa, mo sì bọ̀wọ̀ fún un lọ́jọ́ náà. Ó fa pẹ́ńsù yọ. "Mà á pa méjèèjì rẹ́. Láti òní, òdo ni ti awakọ̀ yìí."

Àwọn awakọ̀ hó yèè. Ọkàn mi fò sókè. Mo ti ń rẹ́rìn-ín.

"Èyí àkọ́kọ́ ńkọ́?" Màmá bèèrè. Èmi ni wọ́n ń wò.

Mo lè ní n kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà ju èmi lọ.

"Èmi ni," mo ní. "Èmi ni mo yọ ọ́, Màmá. Mo purọ́ fún yín."

"Mo mọ̀," wọ́n ní. Wọ́n yíjú sí Ẹnjiníà. "Ẹ pa ọ̀kan rẹ́. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀."

"Ṣùgbọ́n Màmá, ọkọ ọmọ yín ni," Ẹnjiníà ní.

"Ọkọ ọmọ mi ni. Bí mo bá purọ́ nítorí rẹ̀ lónìí, kí lẹ ó máa fi ọ̀rọ̀ mi wọ̀n lọ́la? Bí ẹ bá fẹ́ kí n ṣiṣẹ́ yìí, ohun tí mo fẹ́ nìyí: awakọ̀ kankan ò gbọdọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nítorí táyà mọ́, àfi bí mo bá ki ọwọ́ bọ inú táyà náà. Ẹni tó bá jẹ̀bi, mà á sọ. Ẹni tí kò bá jẹ̀bi, mà á sọ."

Ẹnjiníà ronú, ó ní ó ti di bẹ́ẹ̀. Ó wọ ọ́fíìsì, ó pa méjì rẹ́, ó kọ ọ̀kan.

Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí. Awakọ̀ méjì ni Màmá ti gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ìwé ara ògiri yẹn, wọ́n sì ti dá ẹnìkan lẹ́bi, òun náà kò bá wọn jiyàn. Táyà kankan kò bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Lóṣù tó kọjá, Ẹnjiníà dúró níwájú ìwé náà, ó ní ó yẹ kí á pa ọ̀kan tó wà níwájú orúkọ mi rẹ́, ó ti pẹ́ jù, kí n lọ bi Màmá bóyá wọ́n fọwọ́ sí i.

Mo lọ. Màmá ń fọ bàsíà. Mo rojọ́ náà tán.

"Ṣé ọ̀kan yẹn ń dí ọ lọ́wọ́ ni?" wọ́n bi mí.

Mo rò ó dáadáa. Mo ní rárá, Màmá, kò dí mi lọ́wọ́, kó máa wà níbẹ̀. Mo bá wọn da omi bàsíà náà nù.